Ta Ló Gbẹ́rù Ru Ọmọ?

  

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì níbí láti ra iṣu. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ti lù, oòrùn sì ti ń mú. Mo ń ná iṣu lọ́wọ́ nígbà tí ohùn tín-ín-rín kan ké lẹ́yìn mi pé, “Omi tútù rèé o!” Mo yíjú. Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Àkísà àǹkárá ló ká ṣe òṣùká, abọ́ rọ́bà ńlá ló wà lórí òṣùká náà, píọ̀ wọ́tà ló kún inú abọ́. Àpò kan gbáko ni ó kó sínú rẹ̀, bóyá ló sì tíì tà ju ọ̀rá méjì lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ogún ọ̀rá ló ń bẹ nínú àpò kan, ìdajì lítà ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Lítà mẹ́wàá nìyẹn, kílò mẹ́wàá, lórí ọmọ tí òun alára lè má wọ̀n ju ọgbọ̀n kílò lọ. Omi tó ń kán lára àwọn ọ̀rá tútù náà ti mú kí òṣùká rẹ̀ rin gbingbin, ó ń ṣàn gba ẹ̀yìn etí rẹ̀ lọ sí ọrùn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi di etí abọ́ mú. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbowó, òun náà ló sì fi ń wá ṣéńjì nínú àpò kékeré tó so mọ́ ìdí.

Mo bi í pé, “Ọmọ mi, o ò lọ sílé ìwé ni?”

Ó ní, “Mo lọ lánàá, sà.”

Ìyá oníṣu tí mo ń bá ná ọjà gbọ́ wa. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Àwọn ìyá wọn ló yẹ kí ìjọba máa kó. Wọ́n á bímọ tán, wọ́n á sọ ọ́ di ẹrú ọjà.” Àwọn tó wà nítòsí ní òótọ́ ni. N kò rò pé ìkà ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Abiyamọ ni ìyá oníṣu, ojú ọmọ náà ló rí tí àánú ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbé iṣu mi lọ sílé, ọkàn mi kò kúrò lórí omi yẹn. Ìyá ọmọ yìí kọ́ ló ṣe omi. Ẹnìkan ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ẹnìkan ló ra ẹ̀rọ tó ń dì í sínú ọ̀rá. Ẹnìkan ló ní ọkọ̀ tó ń já a kiri ìlú, ẹlòmíràn ló ní fírísà tó mú un tutù. Orúkọ iléeṣẹ́ wà lára ọ̀rá náà, àdírẹ́sì wà níbẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti yọ èrè tiwọn kí omi tó dé orí ọmọ. Ṣùgbọ́n tí ẹjọ́ bá délẹ̀, ìyá nìkan là ń nawọ́ sí.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo mọ̀ pé ẹjọ́ yìí ti wáyé rí níbi tó jìnnà sí wa, ó sì ti wáyé nínú oko kòkó tiwa níbí. Nínú méjèèjì, òbí ni wọ́n tì síwájú.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, òwò ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi débi tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí. Ojú irin so gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀. John D. Rockefeller dá iléeṣẹ́ epo rọ̀bì Standard Oil sílẹ̀ ní 1870. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, bí wọ́n bá fọ epo àgbá mẹ́wàá ní gbogbo Amẹ́ríkà, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló ń gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó di 1901, J. P. Morgan ra iléeṣẹ́ irin Andrew Carnegie, ó pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, ó pè é ní United States Steel. Òun ni iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ tí owó ìdókòwò rẹ̀ ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ní 1900, ọdún kan ṣáájú èyí, ìjọba Amẹ́ríkà ka ènìyàn, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 15 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ owó tó 1,750,000. Wọn kò tilẹ̀ ka àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. A fi ń kọ́ ara wa pé kí ọmọdé àti àgbà máa ran ara wọn lọ́wọ́ ni. Àwọn onílé iṣẹ́ òwú ní Carolina rí akèrèǹgbè tiwọn nínú ẹ̀rọ ìrànwú. Ojú ẹ̀rọ náà tóóró, òwú sì ń já nígbà gbogbo, ọwọ́ kékeré ló lè yára wọ ibẹ̀ láti so ó. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn kò tó ibi tí wọ́n máa so òwú ń gun ara ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ní Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, àwọn ọmọkùnrin a jókòó lórí pákó ní ìlà ìlà, èédú a máa ya kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí omi àgbàrá, wọ́n a sì tẹ̀ba láti àárọ̀ di alẹ́ kí wọ́n máa ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Èékánná wọn ń ṣẹ́, ẹ̀yìn wọn ń tẹ̀, eruku dúdú ni wọ́n ń fà símú. Owó ọmọ kéré sí owó àgbà, ó sì ṣòro fún ọmọ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

Tíṣà kan wà ní New York nígbà náà tí ń jẹ́ Lewis Hine. Ní 1908, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní National Child Labor Committee gbà á síṣẹ́ pé kó lọ máa ya fọ́tò àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ta ni yóò jẹ́ kó wọlé? Ó máa ń sọ fún ọ̀gá iléeṣẹ́ pé Bíbélì lòun ń tà, tàbí pé ẹ̀rọ lòun wá ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó bá wọlé tán, yóò dúró ti ọmọ bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe. Ó ti wọn bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, ó mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ga tó. Bí orí ọmọ bá dọ́gba pẹ̀lú bọ́tìnì kẹta, ó mọ bí ọmọ náà ti kéré tó, yóò sì yọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yìí púpọ̀. N ó padà sórí rẹ̀.

Fọ́tò Hine dun àwọn ará Amẹ́ríkà débi pé ní 1916, ìjọba ṣe òfin tó ní ọjà iléeṣẹ́ tó bá ń lo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá oníṣu ti bá tèmi pàdé. Bàbá kan wà ní Charlotte, ní North Carolina, Roland Dagenhart lorúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Reuben àti John, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú kan náà. Bàbá yìí gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ó ní ẹ̀tọ́ òun ni láti ní kí ọmọ òun ṣiṣẹ́, ìjọba ò sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun. Bí ẹ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó ní irú bàbá wo nìyí? Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ilé òwú kò ní owó tí yóò fi gba àwọn agbẹjọ́rò ńlá dé Washington. Àwọn onílé iṣẹ́ òwú ti ìhà Gúúsù ló wà nídìí ẹjọ́ náà. David Clark, olóòtú ìwé ìròyìn àwọn oníṣòwò òwú, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àwọn ló wá ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí ìwé ẹjọ́. Ohùn Jákọ́bù, ọwọ́ Ésáù. Ní 1918, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá bàbá láre, òfin náà sì kú.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, oníròyìn kan wá Reuben lọ. Ó ti dàgbà, ó ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n kò wọ̀n ju kílò méjìdínláàádọ́ta lọ. Ó sọ fún oníròyìn náà pé ìbá sàn fún òun ká ní bàbá òun pàdánù ẹjọ́ yẹn. Ó ní kí ó wo òun bí òun ti rí, òun ti di géńdé ọkùnrin, òun kò tóbi, òun kò mọ̀wé. Bí mo bá ti ka ibi yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láyé ọjọ́un, kíláàsì a dákẹ́. Ogún ọdún kọjá lórí ìdájọ́ náà kí Amẹ́ríkà tó tún ṣe òfin tó múlẹ̀, ní 1938. Ẹ ka iye ọmọ tó gba inú ogún ọdún yẹn kọjá.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé.

Kí kòkó tó dé Èkìtì ni ìwọ̀fà ti wà. Ẹni tó bá yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe sì ni èlé owó náà. Owó gan-an kì í dín. Ọmọ lè sìn títí yóò fi bàlágà, kí iye tí bàbá rẹ̀ yá ṣì dúró digbí. Ìjọba òyìnbó fòfin dè é pé wọn kò gbọdọ̀ fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà mọ́. Ṣùgbọ́n òwò tí òyìnbó kan náà gbé wá sí àárín wa tún gbé gbèsè tuntun wá. Bí kòkó ti ń gba oko wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ń fún àwọn alárinà lówó àsansílẹ̀, alárinà ń fún àgbẹ̀ nígbà tí kòkó ṣì wà lórí igi. Àgbẹ̀ ti jẹ owó kòkó kí kòkó tó pọ́n. Iye tí wọ́n bá dá lé e ni yóò gbà.

Ní 1929, Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation parapọ̀, wọ́n di United Africa Company, UAC tí gbogbo wa mọ̀. Ọdún náà gan-an ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé. Owó kòkó wálẹ̀ wìì. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi oko kòkó dógò, àwọn mìíràn sì tún fi ọmọ sin gbèsè, òfin tàbí kò sí òfin. Nígbà tó di 1937, UAC àti àwọn iléeṣẹ́ mìíràn bíi John Holt àti Cadbury ṣe àdéhùn láàárín ara wọn pé àwọn kò ní máa fi owó kòkó bá ara wọn díje mọ́. Iye kan náà ni gbogbo wọn yóò máa san. Àwọn àgbẹ̀ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, gbé kòkó wọn pamọ́, wọn kò tà á fún oṣù mélòó kan. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọ̀dọ́ inú Nigerian Youth Movement pariwo rẹ̀. Obafemi Awolowo wà nínú ẹgbẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti ra kòkó tà rí. Ariwo náà pọ̀ débi pé ìjọba London rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ní 1938 láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìgbìmọ̀ náà kò sì fọwọ́ sí àdéhùn àwọn oníṣòwò.

Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mú ọmọ Èkìtì kankan lọ sóko. Wọn kò mọ orúkọ ọmọ náà. Wọ́n kàn jókòó sídìí tábìlì ni, wọ́n ní iye báyìí ni a ó máa san. Bàbá ọmọ yóò wo iye náà, yóò rí i pé kò tó gba alágbàṣe. Ọmọ á di alágbàṣe. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ òwú gba ọmọ síṣẹ́ lójúkorojú, Hine sì lè dúró ti ọmọ náà kó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú bọ́tìnì. Lọ́dọ̀ wa, bàbá ló mú ọmọ jáde, bàbá náà la sì rí.

Wọ́n bí mi lẹ́yìn àsìkò yẹn, ṣùgbọ́n mo bá iṣẹ́ kòkó nílé. Àwa ọmọdé là ń ṣa kòkó tí wọ́n ti ká jọ sójú kan. Bí àwọn àgbà bá fọ́ ọ, àwa là ń fi agbọ̀n ru hóró rẹ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Ẹni tó bá ru kòkó tútù rí mọ ohun tí mò ń sọ: omi rẹ̀ a máa jò láti inú agbọ̀n, yóò gba orí dé ọrùn, yóò gba ẹ̀yìn, yóò lẹ̀ mọ́ni lára bí oyin, kòkòrò a sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí oògùn Gàmálìnì dé, àwa la tún ń pọn omi odò tí wọ́n fi ń pò ó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé oògùn náà lè ṣe wá ní jàǹbá. Nígbà tí mo rí omi tó ń ṣàn lẹ́yìn etí ọmọ yẹn ní Ọjà Ọba, ọrùn èmi náà ló mọ̀ ọ́n lára.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí ọmọ má ṣiṣẹ́. Ọmọ tó gbálẹ̀, tó pọnmi, tó bá ìyá rẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́ nígbà tó ti ilé ìwé dé, ẹ̀kọ́ ilé ló ń kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa. Iṣẹ́ tó gba ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ, tàbí tó wúwo ju egungun rẹ̀ lọ, ni mò ń bá wí.

Ohun tó mú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Èkìtì kúrò nínú oko kòkó kì í ṣe ọlọ́pàá. Ilé ìwé ni. Ní 1952, S. O. Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ka iwájú ilé ìgbìmọ̀. Gbogbo ìlú kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ bí a ti ń rò ó lónìí. Owó orí tuntun bá a rìn, àwọn àgbẹ̀ sì ń bèèrè pé ta ni yóò wá máa tẹ̀ lé àwọn lọ sóko. Nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC na ẹgbẹ́ Action Group ti Awolowo nílé ara rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Síbẹ̀ Action Group kò padà lẹ́yìn ètò náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ 456,600 ní 1954. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 811,432. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún láàárín ọdún kan. Abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn mìíràn ti kàwé, tíṣà kò tó, síléètì kò kárí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Ìwé ọjọ́ ìbí kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí nígbà náà, nítorí náà tíṣà a ní kí ọmọ gbé apá gba orí rẹ̀ kọjá, kó fi ìka kan etí òdìkejì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìka ẹ̀gbọ́n mi kò kàn án. Ó dọ́gbọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìka wá kan etí. Tíṣà rí i. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá wa dúró sẹ́yìn, kò sọ nǹkan. Nígbà tí wọ́n délé ló wá bi ìyá wa pé ta ni yóò máa ṣa kòkó báyìí. Bàbá mi kì í ṣe òǹrorò. Oko tó dá, ọmọ ló fi ṣírò rẹ̀, nítorí iye tí wọ́n ń san fún un kò jẹ́ kó lè ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Ẹ rántí bọ́tìnì Hine. Ó ń wọn ọmọ kí ayé lè mọ̀ pé ó kéré jù fún iṣẹ́. Tíṣà tiwa ń wọn ọmọ kó lè mọ̀ pé ó tó ẹni tí ń kàwé. Bí ìjọba bá ti pinnu ibi tí ọmọ yẹ kó wà, àìsí ìwé kò lè dí i lọ́wọ́. Owó tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ìwé náà, púpọ̀ rẹ̀ wá láti ara kòkó. Iye tí ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n tà á lókè òkun, èyí sì dun bàbá mi títí tó fi wọlẹ̀. Mo gbà pé ó tọ́ kó dùn ún. Ṣùgbọ́n èrè tí UAC kó lọ kò padà wá sí ojúlé wa. Èyí padà wá, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé, ó ń kọ A, B, D.

Ọdún tó lé ní àádọ́rin ti kọjá lórí ìyẹn. Òfin tí a ní lónìí dára ju tìgbà náà lọ. Ní 2003, Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ó ní ọmọ ni ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ó fòfin de fífi ọmọ kiri ọjà ní títì, ó sì fòfin de ẹrù tó lè pa ọmọ lára. Èkìtì náà ti sọ ọ́ di òfin ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣe ní 2022 fi hàn pé ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 24, láàárín ọdún 5 sí 17, ló wà nínú iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé ní Nàìjíríà. Bí ọmọ márùn-ún bá jókòó, ẹ fi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lókèèrè. Ní 2001, àwọn oníṣòwò ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn pé kó tó di 2005, àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé kòkó àwọn kò ní iṣẹ́ ọmọdé tó burú jù lọ nínú. Ọdún 2005 kọjá, wọ́n sún un sí 2008, wọ́n tún sún un síwájú. Ìwádìí Yunifásítì Chicago tó jáde ní 2020 rí ọmọ tó tó 1,560,000 nínú iṣẹ́ kòkó ní Ghana àti Côte d'Ivoire nìkan. Àwọn ará Mali mẹ́fà gbé Nestlé àti Cargill lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọmọdé làwọn nígbà tí wọ́n jí àwọn kó lọ sóko kòkó ní Côte d'Ivoire. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, èyí tó dá ẹjọ́ Dagenhart, sọ pé ẹjọ́ náà kò lè tẹ̀síwájú, torí ohun tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn wọ́n, òkè òkun ló ti ṣẹlẹ̀. Jíjìnnà ni àwọn iléeṣẹ́ náà fi gba ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí owó kòkó sì kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní 2024, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí, mo bi àwọn ojúlùmọ̀ mi tó ní oko kòkó bóyá àwọn ọmọ wọn ti kúrò lóko. Ọ̀kan ní òun ti rí owó gba lébìrà báyìí, ọmọ òun sì ti padà sí kíláàsì. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un. Owó ló yí padà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí a má fi ojú ìyá nìkan wo ọmọ tó ń kiri omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi sínú ọ̀rá, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe búrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń pín ohun mímu àti ìpápánu fún àwọn alátùntà, ẹ mọ ibi tí ọjà yín ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó ń mu ún. Ẹ mọ̀ pé orí ọmọ ló fi ń rin ibùsọ̀ tó kẹ́yìn. Bí ẹ ti ń sọ fún alátùntà pé kò gbọdọ̀ tà ju iye báyìí lọ, ẹ lè sọ fún un pé kò gbọdọ̀ kó ọjà yín fún ọmọ láàárín aago mẹ́jọ sí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ ilé ìwé. Ẹ ti ń ṣọ́ iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ ṣọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà Ọjà Ọba, iwájú ààfin Ẹ̀wí, ọba Adó, ni ọjà yín wà, ọ̀rọ̀ yín kì í bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí fírísà kankan má ta àpò omi fún ọmọdé ní ọjọ́ ilé ìwé, a ó rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìjọba pẹ̀lú ní tirẹ̀ láti ṣe. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kì í kiri mọ́ ṣì nílò owó tí ọmọ náà ń mú wálé. Ẹni tó bá kó ọmọ kúrò lójú títì láìbèèrè ohun tí wọn yóò jẹ lálẹ́, ọ̀nà mìíràn ni ọmọ náà yóò gbà padà sí títì.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọmọ tèmi. Mo bi í pé ọ̀rá mélòó ló kù. Ó ní ó ku méjìdínlógún. Mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ra gbogbo rẹ̀. Ìyá oníṣu wò mí, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun o, kò ní ṣe yín léèmọ̀.” Mo pín omi náà fún àwọn alábàárù tó jókòó síbẹ̀. Ọmọ náà ka owó lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í sínú àpò ìdí rẹ̀, ó tún òṣùká rẹ̀ tó ti rin ká, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ilé ni yóò lọ, bóyá tó bá yára, yóò tilẹ̀ bá wọn dé ibi ìṣirò ọ̀sán. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti ń sáré gba àárín àwọn aláta kọjá. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ní fírísà. Ó nawọ́ owó síwájú. Wọ́n gbé àpò omi mìíràn fún un, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bá a já ẹnu rẹ̀, ó bá a kó o sínú abọ́, ó sì bá a gbé e rù.